Ọmọ Ń Jẹun, Kò Sanra: Kòkòrò Tó Ń Gbé Inú Àpòlúkù

Ẹ wo ọmọ yìí. Oṣù 15 ló wà. Ìyá rẹ̀ fún un lẹ́kọ láàárọ̀, ó lá a tán. Síbẹ̀, bí ẹ bá gbé e, ẹ ó rí i pé ó fúyẹ́, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ìyá ọkọ ní eyín ló fẹ́ hù. Aládùúgbò ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí wọ́n se àgbo fún un. Oṣù ń lọ, ọmọ ò kúrò lójú kan.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí a kì í sábà wò: inú àpòlúkù rẹ̀.

Omi kan wà níbẹ̀ tó kan gan-an. Ó ń bá wa da oúnjẹ, ó sì tún jẹ́ oníbodè: kòkòrò tó bá bá omi àti oúnjẹ wọlé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń kú sí. Ṣùgbọ́n bakitéríà kan wà tí oníbodè yìí kò rí mú. Helicobacter pylori ni orúkọ rẹ̀. Ó lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Ó máa ń ṣe ammonia yí ara rẹ̀ ká, ìyẹn á pa kíkan omi náà, òun á wá wọ inú ikun yíyọ̀ tó bo ògiri àpòlúkù, á fìdí kalẹ̀ síbẹ̀.

Dókítà méjì, Barry Marshall àti Robin Warren, ló tú àṣírí rẹ̀ ní ìlú Perth, ní Ọsirélíà, ní 1982. Wọ́n ní òun ló ń fa ọgbẹ́ inú, ọ̀pọ̀ dókítà ò gbà. Ní 1984, Marshall po kòkòrò náà, ó gbé e mu. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, èébì dé. Ẹ fetí sí èyí, torí òun ni mo ṣe mú ìtàn náà wá: omi tó bì jáde kò kan. Kòkòrò yẹn ti gba idà lọ́wọ́ oníbodè. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005.

Bó bá ṣe àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, ìkókó wá ńkọ́? Àwọn olùwádìí rò pé ẹnubodè lè ṣí sílẹ̀, kí kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru wọlé. Ọmọ ń yàgbẹ́, oúnjẹ ò dúró níkùn, kò sì fẹ́ jẹ òmíràn. Kó tó gbádùn, ìgbẹ́ mìíràn ti dé. Ohun tó wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, omi kíkan yìí ló ń bá wa yọ ọ́. Bí omi náà ò bá kan mọ́, ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè lọ sílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á funfun.

Ní Keneba, abúlé kan ní Gáḿbíà, àwọn olùwádìí tọpa àwọn ìkókó láti kékeré. Àwọn tí kòkòrò yìí tètè wọ̀ lára, nígbà tí wọn ò ju oṣù mélòó kan lọ, ni ìdàgbà wọn fà sẹ́yìn. Wọ́n tún rí ohun tó dùn mọ́ mi nínú gan-an: ìkókó tí ọmú ìyá rẹ̀ ní ọmọ ogun ara tó ń bá kòkòrò náà jà, ó máa ń pẹ́ kó tó ràn án. Ọmú nìkan fún oṣù 6, ẹ̀yin ìyá, odi ìlú ni.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ní kòkòrò yìí tí wọn ò rù. Ebi àti àìrí ẹyin, ẹja, ẹ̀wà jẹ ṣì ni gbòǹgbò àìjẹunrekánú lọ́pọ̀ ilé. Ẹ má fi kòkòrò bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ẹnu, èébì àti ìgbẹ́ ló ń gbà ràn. Bí màmá àgbà bá rún ẹran lẹ́nu kó tó fi bọ́ ọmọ, ìfẹ́ ló fi ń ṣe é, mo mọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́ fún un, tàbí kí ẹ gún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra oògùn fún un ní kẹ́mísìtì. Dókítà ló ń yẹ ọmọ wò, tó sì ń mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n wò ó sàn. Oògùn tí wọ́n ń lò pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ó sì lè tó ọjọ́ 14. Bí a bá lò ó dé ìdajì, kòkòrò náà á mọ̀ ọ́n jà.

Tépù kan wà ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tí nọ́ọ̀sì ń fi wọn apá ọmọ, láti oṣù 6 títí kó tó pé ọdún 5. Ó ní àwọ̀ ewé, yẹ́lò, àti pupa. Pupa, ìyẹn ni pé ọmọ ti rù jù, bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 11.5. Ẹ ní kí wọ́n wọn ọmọ yín. Bó bá bọ́ sí pupa, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.