Akẹtẹ̀ Tí Ìyá Kan Rí: Ọgbẹ́ Ọkàn àti Ewu Nínú Ìtàn Àròsọ

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin òǹwòran wa. Bí ewu bá dé bá ìyá àti ọmọ nínú ìtàn àròsọ, ọ̀pọ̀ wa máa ń wò ó bóyá ìyá náà nígboyà, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ ti rí kí ọjọ́ náà tó dé ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ara ni ó ń sá; èrò kò tíì débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Sethe, ìyá kan tí ó jẹ́ ẹrú nínú ìwé ìtàn àròsọ Beloved, tí Toni Morrison gbé jáde ní 1987. Nínú oko ẹrú ní Kentucky, àwọn ọmọkùnrin kan fi ipá fa ọmú tí ó jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ mu, wọ́n sì nà án títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi di kìkì àpá. Ó sá lọ sí Ohio, ìpínlẹ̀ tí òfin kò ti gba kíkó ẹrú, ṣùgbọ́n ọjọ́ 28 péré ni ó fi lo òmìnira náà. Inú ọgbà ni ó wà nígbà tí ó rí akẹtẹ̀ ọ̀gá oko náà lókèèrè, ni ó bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ ahéré ẹ̀yìnkùlé, ó sì fi ayùn pa ọ̀kan nínú wọn. Ojú àwọn tí ń lépa ẹrú ni Morrison kọ́kọ́ jẹ́ kí a fi wò ó, lójú tiwọn, wèrè ni. Ó pẹ́ kí Sethe tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ibi ààbò, tí ọwọ́ ọ̀gá oko náà kò ti ní tó wọn, ni òun ń kó àwọn ọmọ òun lọ. (Ìpìlẹ̀ ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́: ní 1856, Margaret Garner, obìnrin kan tí ó sá kúrò lóko ẹrú, pa ọmọbìnrin rẹ̀ ní Cincinnati nígbà tí wọ́n ká a mọ́lé.)

Ibi tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ìparí ìwé náà. Ọdún 18 ti kọjá, òyìnbó kan tí ó ti ran Sethe lọ́wọ́ rí sì dé pẹ̀lú akẹtẹ̀ lórí láti wá mú Denver, ọmọbìnrin Sethe, lọ síbi iṣẹ́. Kò sí ewu kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, ara Sethe ka akẹtẹ̀ yẹn gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Ohun èlò tí ó fi ń fọ́ yìnyín wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sáré. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà ni ó kọjú ohun èlò náà sí, kì í ṣe ọmọ rẹ̀.