Ta Ni Yóò Dúró Bí Ẹni Àkọ́kọ́ Kò Bá Sí?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, níbikíbi tí ẹ bá ti ń gbọ́ mi. Mi ò pe àlejò lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, mo sì fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Èmi àti ọkọ mi lọ bá lọ́yà láti ṣèwé. Wíìlì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó gbà wá lákòókò jù ni ìwé aṣojú, Lasting Power of Attorney bí wọ́n ṣe ń pè é níbí ní England àti Wales. Òun lèèyàn fi ń yan ẹni tí yóò máa bá a ṣèpinnu bí àìsàn tàbí jàǹbá bá mú kó má lè dá a ṣe mọ́. Oríṣi méjì ni: ọ̀kan fún owó àti ilé, èkejì fún ìlera àti ìtọ́jú. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2007 ló ti wà, lábẹ́ òfin Mental Capacity Act ti 2005, kò sì ṣeé lò àfi bí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Office of the Public Guardian, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìwé aṣojú.

Mo kọ orúkọ ọkọ mi. Ó kọ tèmi. A ti ń wá kálámù tí a máa fi buwọ́ lù ú nígbà tí lọ́yà bi wá pé, "Ṣé ọkọ̀ kan náà lẹ jọ wọ̀ wá síbí?"

Àyà mi já.

Ọkọ̀ kan náà ni. Òun náà la jọ ń wọ̀ lójoojúmọ́. Lọ́yà wá fi àyè kan tí a ti fò kọjá nínú fọ́ọ̀mù hàn wá: àyè arọ́pò, ẹni tí yóò bọ́ sípò aṣojú bí aṣojú bá kú, bí òun náà ò bá lè ṣèpinnu mọ́, tàbí bó bá ní òun ò ṣe mọ́. Kódà bí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀, òfin ń yọ ọkọ tàbí ìyàwó náà kúrò nípò aṣojú, àfi bí ìwé bá sọ pé kó dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo àyè yẹn. Mo mọ ìyá kan tó yan àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, ó ní kí wọ́n jọ máa fọwọ́ sí ohun gbogbo, kí ẹnì kan má dá nǹkan ṣe. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, kò fẹ́ kí wọ́n jà. Kò yan arọ́pò. Ọ̀kan nínú wọn kú ṣáájú ìyá. Bí ìwé náà ṣe kú nìyẹn, torí pé àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ wà kó tó lágbára. Ọmọ tó kù dúró ní báńkì pẹ̀lú ìwé tí kò wúlò mọ́, àrùn ìgbàgbé sì ti mú ìyá débi pé kò lè buwọ́ lu òmíràn. Ó di Court of Protection, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí kò lè dá ṣèpinnu mọ́. Ká ní ó ti kọ ọ́ pé wọ́n lè jọ ṣe é, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì lè dá a ṣe, èyí tó ṣẹ́kù ì bá máa bá iṣẹ́ lọ.

Púpọ̀ nínú wa rò pé ẹbí lásán ti tó. Kò tó. "Next of kin" tí à ń kọ sínú fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn, ẹni tí wọ́n á pè lórí fóònù ni. Wọ́n á gbọ́ tẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ ò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun mìíràn tó yà mí lẹ́nu ni pé arọ́pò kì í ṣe ẹni tí ń gbélé de aṣojú. Bí aṣojú bá rìnrìn àjò oṣù méjì, arọ́pò ò láṣẹ kankan. Ìgbà tí aṣojú bá kúrò pátápátá ni tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àwa tí ẹbí wa tú ká kiri ayé, ó yẹ ká rò ó dáadáa. Bí aṣojú yín kì í bá gbélé, ẹ yan méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè dá ṣe.

Ta wá ni mo kọ sípò arọ́pò? Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu, torí pé òun ni àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó, mo bi ara mi pé, ìgbà wo ni mo sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún un gbẹ̀yìn? Mi ò rántí. Àbúrò mi obìnrin ló mọ̀ pé mi ò lè sùn níbi tí iná bá ti ń tàn. Òun ló mọ oògùn tó ń gbòdì lára mi. Bí dókítà bá ń sọ̀rọ̀, kò ní yéé béèrè títí yóò fi yé e. Òun ni mo kọ fún ìlera. Ẹ̀gbọ́n mi, tó mọ owó ṣọ́, ni mo kọ fún owó.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Mo ní, "Ẹ má bínú sí mi." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Èmi ò lè dúró níbi tí wọ́n á ti máa bi mí bóyá kí wọ́n yọ ẹ̀rọ lára ẹ. Ṣé o mọ̀?" Mi ò mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi la ti jọ wà, mi ò mọ̀.

Wíìlì kò gbà wá lákòókò tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ téèyàn bá kú ni agbára ìwé aṣojú ń parí, alámòójútó ogún ló máa gba iṣẹ́ láti ibẹ̀. A fún òun náà ní arọ́pò.

Nínú ìwé ìlera, ibì kan wà tí ẹ ti máa sọ bóyá aṣojú lè gbà tàbí kó kọ ìtọ́jú tó ń gbé ẹ̀mí ró. Kí n tó buwọ́ lù ú, mo ka ibẹ̀ fún àbúrò mi lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ ọ́ báyìí. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ ká jókòó." Ó dé. A jókòó láti ọ̀sán di alẹ́, mò ń sọ, òun ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ìwé náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀.