Ládàánì Ní Ẹ Wá Síbi Àṣeyọrí, A Ní Kó Dúró Ná

Àsàlámù àlékùn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa. Mi ò ní pẹ́ lórí ìkíni lónìí, nítorí láti Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ti ṣẹlẹ̀. Mi ò ní dárúkọ àdúgbò, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ara wọn, èmi náà sì wà níbẹ̀. À ń wé láwàní fún arákùnrin wa kan, ó ń jẹ Bàbá Àdínì. Wọ́n ta kánópì sí iwájú mọ́ṣáláṣí, onílù wà lápá ọ̀tún, àwa àfáà wà lápá òsì, oúnjẹ ń lọ, oúnjẹ ń bọ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n fi ń kéde owó, ti mọ́ṣáláṣí ni. Èyí tí ládàánì fi ń pe ìrun ni wọ́n tú kúrò lára ògiri.

Aago mẹ́rin kù díẹ̀, Alásárì wọlé. Ládàánì wa, bàbá tó ti lé ní 70 ọdún, rọra rìn wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń darí ètò, ó na ọwọ́ sí i pé kó fún òun ní ẹ̀rọ náà. Arákùnrin yẹn fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ jẹ́ ká ka orúkọ àwọn èèyàn wa tán." Ìṣẹ́jú márùn-ún di ogún, ogún di ogójì. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi àlùwàlá, ó fi ìka ti etí, ó fi ohùn rẹ̀ lásán pe ìrun. Ó dé ibi *Hayya alal falaah*, ẹ wá síbi àṣeyọrí. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ẹ̀rọ tirẹ̀ ń pariwo ní òdìkejì pé ẹgbẹ́ báyìí báyìí ti gbé 200,000 náírà kalẹ̀, ẹ bá wa pàtẹ́wọ́ fún wọn o.

A ò kún sàfù kan. Nínú gbogbo èrò yẹn! Kí n má sì purọ́ fún yín, èmi pàápàá kò dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìrẹsì ṣì wà níwájú mi, mo sì mọ̀ pé wọn ò tí ì pín owó àwọn àfáà. Ìgbà tí bàbá ń pe ìpè náà ẹ̀ẹ̀kejì, láti wọlé sórí ìrun, ni ojú tì mí tí mo fi dìde.

*Falaah*. Ẹ̀yin tó kéwú mọ ọ̀rọ̀ náà. Lárúbáwá ń pe àgbẹ̀ ní *fallaah*, ìdí kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá, nítorí pé àgbẹ̀ ni í la ilẹ̀ kó tó fi nǹkan sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oko ni. Ẹni tó bá ti gbin ẹ̀gẹ́ rí mọ̀ pé ewé kì í ṣe ẹ̀rí. Ìyá tó ń din gààrí kì í kí ewé ẹ̀gẹ́ kú oríire. Ó lè ga ju ènìyàn lọ, kó dúdú mìnìjọ̀, kí àwọn tó ń kọjá lójú títì máa wò ó pé oko yìí mà dára o, ọjọ́ tí wọ́n bá fà á tu, kí wọ́n bá gbòǹgbò wẹ́wẹ́ bí okùn ìránṣọ. Kò ta. Ilẹ̀ ni àṣeyọrí ẹ̀gẹ́ wà, níbi tí ojú ò dé.

Ọlọ́hun fi ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ Súrà Al-Mu'minun, Ó ní àwọn onígbàgbọ́ òdodo ti jèrè. A wá ń retí kí Ó ṣàlàyé èrè náà fún wa. Ohun tó kọ́kọ́ tẹ̀lé e ni pé àwọn ni wọ́n ń fi ìtẹríba kírun wọn. Ilé kọ́, láwàní kọ́. Nínú Súrà Ash-Shams, Ó búra lé búra, ó tó nǹkan mélòó kan tí Ó fi búra, oòrùn, òṣùpá, ọ̀sán, òru, sánmọ̀, ilẹ̀, kí Ó tó sọ pé ẹni tó fọ ẹ̀mí rẹ̀ mọ́ ló jèrè. Ta ni nínú wa tí wọ́n ti pè sórí àga rí nítorí pé ó fọ ẹ̀mí rẹ̀ mọ́?

Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá Àdínì tuntun náà pè mí. (Ó ní kí n sọ ọ́, kí n ṣáà má dárúkọ òun.) Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Àfáà, mo ti ń rò ó pé bí láwàní yìí bá ti dé orí mi, ọkàn mi á balẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mi ò sùn. Mo dùbúlẹ̀, mò ń ka àwọn tí kò wá."

Ó ń ka àwọn tí kò wá! Gbogbo àwọn tó wá, gbogbo àwọn tó náwó, gbogbo àwọn tó jó, wọn ò kún ọkàn rẹ̀. Àyè àwọn tó ṣẹ́kù ló ń rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀yin ará, nítorí ó sọ òótọ́, àwa tí kò sọ ọ́ pọ̀ jù ú lọ.

Ìtàn Hakim ọmọ Hizam ni mo sọ fún un, òun náà ni mo fẹ́ sọ fún yín. Bó bá jẹ́ pé Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí Hakim sí, Òkè-Ajé ni ìsọ̀ rẹ̀ ì bá wà. Oníṣòwò paraku ni láàárín àwọn Kùráéṣì, ẹ̀yà Ànọ́bì ní Mọ́kà, ọmọ arákùnrin ìyá wa Kàdíjà, ìyàwó Ànọ́bì. Òun ló ra Zayd lọ́jà, tó fi ta Kàdíjà lọ́rẹ, Zayd tí Ànọ́bì wá fẹ́ràn bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Hakim fúnra rẹ̀ pẹ́ kó tó gba ẹ̀sìn. Ọdún 8 Híjírà, nígbà tí Ànọ́bì ṣẹ́gun Mọ́kà, ló tó wọlé sínú ẹ̀sìn, ó sì ti dàgbà. Kò pẹ́ sígbà náà ni ogun Hunayn wáyé, tí ọrọ̀ ogun pọ̀ lọ súà, wọ́n sì ka Hakim mọ́ àwọn àgbààgbà Mọ́kà tí wọ́n fún ní ràkúnmí 100 kí ọkàn wọn lè fà mọ́ ẹ̀sìn.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí tó kù, Bukhari, tó kó ọ̀rọ̀ Ànọ́bì jọ, sì gbà á wá. Ó ní, mo bèèrè lọ́wọ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó fún mi. Mo tún bèèrè, ó tún fún mi. Mo bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún fún mi. Ẹ kíyè sí i pé Ànọ́bì kò kọ́kọ́ bá a wí. Kò ní "ṣé o ò lówó tẹ́lẹ̀ ni?" Ó fún un títí ọwọ́ fi kún, kó má bàa dà bí ẹni pé ahun ló ń sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ló tó pè é ní orúkọ. "Ìwọ Hakim, ọrọ̀ yìí, tútù ni, dídùn ni. Ẹni tó bá fi ọkàn títẹ́lọ́rùn gbà á, a óò fi àlùbáríkà sí i fún un. Ẹni tó bá fi ojúkòkòrò gbà á, a ò ní fi àlùbáríkà sí i, yóò dà bí ẹni tó ń jẹun tí kò yó. Ọwọ́ òkè sì sàn ju ọwọ́ ìsàlẹ̀."

Tútù àti dídùn. Bí ìrèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ànọ́bì kò sọ pé ó korò, kò pè é ní ìdọ̀tí. Ó mọ̀ pé ó dùn.

Hakim lè bínú, àgbà ni, ọlọ́lá ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ ibi tí ràkúnmí ò lè wọ̀. Ó ní, "Mo fi Ẹni tó fi òdodo rán ọ búra, lẹ́yìn rẹ, mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ títí n ó fi fi ayé sílẹ̀." Ànọ́bì kú. Abúbákárì jẹ aṣíwájú, ó ranṣẹ́ pe Hakim pé kó wá gba ìpín rẹ̀. Ó kọ̀. Úmárù jẹ, ó pè é, ó kọ̀. Ó ká Úmárù lára débi tó fi dúró láàárín ìjọ, tó ní, "Ẹ̀yin Mùsùlùmí, mo fi yín ṣe ẹlẹ́rìí o, mo gbé ẹ̀tọ́ Hakim fún un, ó kọ̀ láti gbà á." Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni o! Kì í ṣe ọrẹ, kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Kò sì gbà á títí ó fi kú, ó sì pẹ́ láyé.

Mo mọ ìbéèrè tí ọmọ Ìjẹ̀bú máa bi mí. "Àfáà, ṣé kí á má ṣòwò mọ́ ni?" Rárá o. Hakim kò fi òwò sílẹ̀. Wọ́n gbà á wá pé ó ta ilé ìpàdé àwọn Kùráéṣì nígbà tí Muawiya jẹ aṣíwájú Mùsùlùmí, ní owó fàdákà 100,000, nígbà tí wọ́n sì bú u pé ó ta iyì àwọn bàbá rẹ̀, ó ní iyì ti tán àfi ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, ó sì fi owó náà ṣe sàárà. Ohun tó kú nínú Hakim ni yíyọjú sí ọwọ́ ènìyàn. Lọ́jọ́ tí ìyẹn kú, ó di ọlọ́rọ̀. Ànọ́bì ṣáà ti sọ fún wa pé ọrọ̀ kì í ṣe ọ̀pọ̀ ẹrù, ọrọ̀ ni ọrọ̀ ọkàn.

Ẹ̀yin àfáà ẹlẹgbẹ́ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí, ẹ má bínú sí mi. Bí ẹ bá sì fẹ́ bínú, ẹ bínú. Àwa la kọ́ wọn. Ẹni tó mú 1,000 náírà wá, a ṣe "Ọlọ́hun á gbà á" fún un. Ẹni tó mú 100,000 wá, a dìde dúró, a gba àdúà kan baba ìyá ẹ̀ títí kan ọmọ ọmọ rẹ̀. A ò bi í pé níbo lo ti rí i. À ń pe jẹun-jẹun ní ẹni Ọlọ́hun fẹ́ràn, àwọn ọmọdé sì wà níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́. Nínú Súrà Al-Qasas, nígbà tí Kárúnà, olówó ìgbà Ànọ́bì Mùsá, jáde pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ rẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn ayé ní, ìbá ṣe pé a ní irú ohun tí Kárúnà ní. Àwọn onímọ̀ ló dá wọn lóhùn pé, ègbé yín o, ẹ̀san Ọlọ́hun ló lóore jù. Àwọn onímọ̀! Ní Sátidé, àwa onímọ̀ la kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Bí Kárúnà bá kọjá ní òpópónà Fọlágbadé níbí lónìí, ẹ̀rù ń bà mí pé àwa la máa ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un.

Ẹ sì rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ojúde Ọba tí gbogbo ayé ń wá wò ní ọjọ́ kẹta Ìléyá, tí ẹ̀ ń tìtorí aṣọ rẹ̀ yáwó, kí ni ìdí rẹ̀? Àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ gba Ìsìláàmù nílẹ̀ yìí ló kóra wọn jọ lọ síwájú ààfin, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, pé ó fún wọn láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn ní gbangba. Wọ́n lọ dúpẹ́ nítorí pé wọ́n lè pe ìrun láìsí ẹni tó ní kí wọ́n dákẹ́. Ọba kò dí wọn lọ́wọ́. Àwa ọmọ ọmọ wọn la sọ fún ládàánì lójúde mọ́ṣáláṣí pé kó dúró ná.

Ní July 13, 2025, Awùjalẹ̀ wa, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, wàjà lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́. Ọjọ́ kan náà ni Muhammadu Buhari, tó ti ṣe olórí Nàìjíríà lẹ́ẹ̀mejì, jáde láyé ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn méjèèjì. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù nínú ìsìnkú Mùsùlùmí, ọba ni o, mẹ̀kúnnù ni o, ni pé ìrun òkú kò ní ìpè. Ẹ ti kíyè sí i? Wọ́n á gbé òkú sílẹ̀, lémọ́mù á kàn kábárà. Kò sí *Hayya alal falaah* níbẹ̀. Ìpè yẹn, alààyè nìkan ni wọ́n ń pè é fún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo lọ sílé ládàánì wa láti tọrọ gáfárà. Bàbá ń tún bàtà rẹ̀ ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní, "Àfáà, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ náà?" Mo ní mo gbọ́ yín, bàbá. Ó ní, "Alhamudulilai. Mo rò pé ohùn mi ò jáde ni."

Lẹ́yìn Jímọ̀ òní, Alásárì á tún wọlé kí aago mẹ́rin tó lù. A ti dá ẹ̀rọ padà sára ògiri.