Yíyan Ọ́ìlì fún Ọkọ̀ Dísẹ́ẹ̀lì Àtijọ́ Tí Wọ́n So Asẹ́ Èéfín Mọ́ Lẹ́yìn Ọjọ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará wa. Ọkọ̀ tí ẹ ń wò lókè yìí ni Volkswagen Golf ìran kẹrin, ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 1.9 TDI tó ní agbára ẹṣin 100, ọdún 2002 sì ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé ní Neukölln, nílùú Berlin níbí, ló ni ín. Nígbà tí ọkọ̀ náà jáde tuntun, kò ní asẹ́ èéfín rárá. Ọdún 2009 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ọ̀kan mọ́ ọn, nítorí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2010, ọkọ̀ tí kò bá ní àmì aláwọ̀ ewé lójú gíláàsì kò gbọdọ̀ wọ àárín Berlin mọ́, dísẹ́ẹ̀lì Euro 3 (ìpele òfin èéfín ilẹ̀ Yúróòpù tí ọkọ̀ ìgbà náà wà) kò sì lè gba àmì náà láìní asẹ́. Ìjọba Jámánì dín 330 yúrò kù nínú owó orí ọkọ̀ fún àwọn tó bá so ó, ìdí sì nìyẹn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ nílẹ̀ yìí.

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wa bi mí ni pé, “Àbúrò, ṣé ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ sọ ni kí n rà, àbí èyí tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ alásẹ́?” Ìbéèrè gidi ni, nítorí pé wọ́n ti kọ ìwé ọkọ̀ kí asẹ́ tó dé ibẹ̀, kò sí bí ìwé ṣe lè mọ̀ nípa rẹ̀. Èsì tèmi ni pé ẹ́ńjìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́ lọ́rùn. Nígbà tí ẹ bá ti rí àwọn ọ́ìlì tó tẹ́ ẹ́ńjìnì lọ́rùn, kí ẹ wá mú èyí tí eérú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń ṣẹ́ kù bí ọ́ìlì bá jó, kéré jù nínú wọn. Bí ẹ bá yí ètò yìí padà, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí asẹ́, ẹ lè dáàbò bo páìpù kí ẹ sì ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é.

Kí a tó sọ̀rọ̀ ọ́ìlì, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú mi. Ẹ rí agolo irin tó wà lójú páìpù èéfín yìí? Òun ni asẹ́ náà. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa: kò sí wáyà kankan tó wọ inú rẹ̀, kò sì sí rọ́bà tín-ín-rín tó ń wọn bí èéfín ṣe ń tì í. Irú èyí ni wọ́n ń pè ní asẹ́ aláìdí. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká wé ara wọn ló wà nínú rẹ̀. Èéfín ń gba àárín wọn kọjá, díẹ̀ nínú dúdú èéfín á sì lẹ̀ mọ́ wọn. Nǹkan bí 30% sí 40% dúdú èéfín ni irú asẹ́ yìí ń mú, nígbà tí asẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ fi sí ọkọ̀ tuntun ń mú ju 95% lọ. Ní ti asẹ́ ilé-iṣẹ́, wọ́n ti dí ìparí ihò rẹ̀ pa, ara ògiri ni èéfín gbọ́dọ̀ gbà kọjá, nítorí náà bí eérú bá kún inú rẹ̀, ẹ́ńjìnì kò ní lè mí mọ́. Asẹ́ aláìdí kò le tó bẹ́ẹ̀. Bó tilẹ̀ kún, èéfín ṣì máa ń rí ibi gbà.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé, nígbà tí kò ti sí wáyà, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì kò mọ̀ rárá pé asẹ́ wà níbẹ̀. Kò ní í da dísẹ́ẹ̀lì àfikún sínú ẹ́ńjìnì láti fi jó dúdú èéfín gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ òde òní ṣe ń ṣe. Ooru èéfín fúnra rẹ̀, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí agolo kátálísítì (èyí tó ń fọ èéfín) tó wà níwájú ti yí padà, ló ń jó o, ìyẹn nígbà tí ooru náà bá ti kọjá nǹkan bí 250 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó kàn ń lọ láti ilé sí ọjà tó wà ní kìlómítà méjì fi ń dí asẹ́ rẹ̀, kò sì sí ọ́ìlì tó lè gbà á lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀nà márosẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá rí wáyà lára asẹ́ tiyín, tàbí ọ̀rá kékeré tó ń gbé oògùn sínú táńkì dísẹ́ẹ̀lì, asẹ́ tí wọ́n dí ìparí ihò rẹ̀ pa bíi ti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n so fún yín nìyẹn. Ìwé tí àwọn tó so ó fún yín, èyí tó yẹ kó wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo, ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ má sì ra ọ́ìlì eléérú púpọ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ eérú yìí dáadáa. Dúdú èéfín ń jóná. Eérú kò jóná mọ́, ó ti jó tán. Inú ọ́ìlì gan-an ló ti ń wá. Kálísíọ̀mù àti màgínísíọ̀mù ni wọ́n ń fi sínú ọ́ìlì kó lè máa fọ ẹ́ńjìnì kó sì máa pa kíkan tó ń ti ara dísẹ́ẹ̀lì wá. Síǹkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń dáàbò bo irin tó ń fi ara gbo ara. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá jó díẹ̀ nínú ọ́ìlì, àwọn irin wọ̀nyí kì í jó dànù, páìpù ni wọ́n ń gbà jáde. Ẹ rí i pé ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnì lóore náà ló ń di ẹrù fún asẹ́, ìyẹn ni kò ṣe rọrùn bíi kí a kàn sọ pé ẹ ra èyí tí kò ní eérú.

Ẹ wá wo ẹ̀yìn agolo. Nọ́ńbà tí gbogbo èèyàn ń kọ́kọ́ wò ni 5W-30 tàbí 5W-40. Ìyẹn ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó nínú òtútù àti nínú ooru nìkan. Kò sọ nǹkan kan nípa eérú. Agolo méjì tí mo gbé sórí tábìlì yìí, 5W-30 ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ACEA (ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Yúróòpù tó ń pín ọ́ìlì sí ìsọ̀rí) A3/B4 tí eérú rẹ̀ lè tó 1.5%, èkejì jẹ́ ACEA C3 tí eérú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.8% lọ. Àwọn onílẹ́tà C, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2004, ni wọ́n ṣe fún ọkọ̀ alásẹ́. Ẹ má rò pé gbogbo C ló dọ́gba. C1 àti C4 kò gbọdọ̀ ju 0.5% lọ. C2 àti C5 fẹ́lẹ́ ju C3 lọ nígbà tí ooru bá mú wọn tí irin sì ń tẹ̀ wọ́n, èmi kì í sì í da wọ́n sínú ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí wọn kò ṣe fún wọn, kódà bí olówó ọjà bá búra.

Nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì jù ni ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Fún Golf yìí, VW 505 01 ni. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ irú tí kámúṣáàfù, ọ̀pá irin olórí tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì, fúnra rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì, sílíńdà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, agbára tó sì ń fi tẹ̀ ẹ́ pọ̀ débi pé ọ́ìlì tí wọn kò dán wò fún iṣẹ́ náà lè jẹ́ kí orí kámúṣáàfù jẹ. Passat kan wá síwájú mi rí tí orí méjì lára kámúṣáàfù rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Rìsíìtì ọ́ìlì rẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Kíki ọ́ìlì náà bá ìwé mu, lẹ́tà C wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí 505 01 níbì kankan. N kò ní búra pé ọ́ìlì nìkan ló fà á, ọkọ̀ náà ti rìn púpọ̀. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ẹ̀yìn agolo kí n tó wo iye owó rẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ṣáájú nọ́ńbà. Bí ẹ bá rí Freigabe lédè Jámánì, ó túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ dán ọ́ìlì náà wò ó sì fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé “a dámọ̀ràn rẹ̀ fún” tàbí “ó bá a mu” ni wọ́n kọ, ẹni tó ṣe ọ́ìlì ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Owó mi kọ́ ni n óò fi wádìí.

Orí méjì ni ọ̀nà pín sí fún wa báyìí. VW 507 00 eléérú kékeré lè rọ́pò 505 01 nínú irú ẹ́ńjìnì yìí. Àwọn TDI onísílíńdà márùn-ún àti mẹ́wàá tí wọ́n ṣe ṣáájú àárín ọdún 2006 ni kò gbọdọ̀ lò ó. Èkejì ni 5W-40 tó jẹ́ ACEA C3, tó sì ní ìfọwọ́sí 505 01, ó sì pọ̀ lọ́jà. Èkejì yìí ni mo mú fún ẹ̀gbọ́n wa. Ohun tí 507 00 fi wọ́n ni pé ó lè pẹ́ nínú ẹ́ńjìnì, a kò sì fẹ́ kí ọ́ìlì kankan pẹ́ nínú ẹ́ńjìnì tó ti rìn tó èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Mercedes CDI, 229.31 àti 229.51 ni nọ́ńbà eléérú kékeré tiyín. Ti BMW ni Longlife-04. Kí ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé wọ́n gbà á fún ẹ́ńjìnì yín.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbi ìṣirò kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Lítà ọ́ìlì kan wúwo tó nǹkan bí 850 gíráàmù. Tí eérú rẹ̀ bá jẹ́ 1.5%, lítà kan tó jó lè fún wa ní gíráàmù 13. Tó bá jẹ́ 0.8%, gíráàmù 7 ni. Ẹ jẹ́ ká ní ọkọ̀ kan ń jó ìdajì lítà ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Kó tó rin 15,000 kìlómítà, ó ti jó lítà méje àbọ̀, ìyẹn sì lè mú nǹkan bí gíráàmù 51 eérú wá, bó tilẹ̀ jẹ́ C3 ni ẹ fi sí i. Ọkọ̀ mìíràn tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ le, tó ń jó ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà péré ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà, bí ẹ tilẹ̀ fi A3/B4 tó kún fún eérú sí i, kò ní mú ju nǹkan bí gíráàmù 19 wá lórí ìrìn kan náà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni asẹ́ yóò dá dúró, ti asẹ́ aláìdí wa yìí pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń mu ọ́ìlì, tó sì ń náwó lé ọ́ìlì alásẹ́, omi ló ń pọn sínú apẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wọn bí ọkọ̀ yín ṣe ń mu ọ́ìlì. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tó ti gbóná sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ fa géèjì jáde, ẹ nù ún, ẹ tún fi bọ̀ ọ́, kí ẹ fà á jáde wo ibi tí ọ́ìlì dé. Ẹ kọ iye kìlómítà sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún kìlómítà, ẹ tún wò ó bákan náà. Láti àmì ìsàlẹ̀ dé àmì òkè jẹ́ nǹkan bí lítà kan. Bó bá ń gbẹ, ẹ wo túbò àti ríìngì, níbi tí ọ́ìlì lè gbà sọnù, kí ẹ tó dá asẹ́ lẹ́bi. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń kún sí i, dísẹ́ẹ̀lì ló ń jò wọ inú ọ́ìlì, nítorí pé ọkọ̀ yìí kì í da dísẹ́ẹ̀lì àfikún fún asẹ́. Nínú irú ẹ́ńjìnì yìí, rọ́bà ara ẹ̀rọ tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé ọkọ̀ yín lọ sí Kútọnu tàbí Èkó. Ọ́ìlì eléérú kékeré kò ní agbára púpọ̀ láti pa kíkan. Ní Jámánì, a kì í rí i bí ìṣòro, torí imí-ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì wa kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 10 lọ nínú kílò kan. Níbi tí dísẹ́ẹ̀lì bá ti ní imí-ọjọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára ọ́ìlì náà yóò tètè tán. Ẹ má dúró de 15,000 kìlómítà níbẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ni èmi máa ń sọ fún àwọn èèyàn mi.

Pípààrọ̀ ọ́ìlì kò lọ́jú pọ̀. Ẹ́ńjìnì ti gbóná, mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, mo jẹ́ kó kán tán, mo pààrọ̀ fílítà ọ́ìlì, mo fi wáṣà tuntun sí nọ́ọ̀tì kí n tó dè é padà. Lítà mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ dà, géèjì ni yóò sọ ìyókù. Ẹ má fi oògùn inú ìgò tí wọ́n ń polówó kún un, torí eérú mìíràn lè wà nínú ìyẹn. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ọ́ìlì lọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tí ẹ kò sì rí èyí tó yẹ, ìdajì lítà irú mìíràn kò ní pa ẹ́ńjìnì. Èyí tó burú ni kí ẹ máa wa ọkọ̀ lọ láìsí ọ́ìlì. Ní ti ògbólógbòó ọ́ìlì, ẹ tọ́jú rìsíìtì yín: òfin Jámánì ní kí ẹni tó ta ọ́ìlì fún yín gba iye kan náà padà lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ti ń kọ ọ́ báyìí sórí páálí kékeré tí n óò so mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: ọjọ́ òní, iye kìlómítà, 5W-40, C3, VW 505 01, àti ọjọ́ tí yóò pé ọdún kan, torí bí 15,000 kìlómítà kò bá tilẹ̀ tíì pé, ọdún kan ti tó. Ẹni tó bá tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí lẹ́yìn mi kò ní nílò láti bi ẹ̀gbọ́n léèrè.