Ẹkùn 94 ní Virginia: Ilẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe nọ́ńbà

Ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ Virginia, ní Amẹ́ríkà. Ẹ wá Newport News. Ṣé ẹ rí bí ìlú náà ṣe gùn tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́bàá odò James? Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ogun. Ní 2017, inú ìlú yìí nìkan ni ẹkùn ìdìbò 94 wà, ọ̀kan nínú ẹkùn 100 tó ń yan aṣòfin sí ilé kékeré ìpínlẹ̀ náà.

David Yancey, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ló wà lórí àga. Shelly Simonds, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, tí Yancey ti borí ní 2015, tún gbé àpótí. Ìkà àkọ́kọ́, Yancey fi ìbò 10 ṣíwájú. Àtúnkà ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, Simonds ló ṣíwájú, 11,608 sí 11,607. Ìbò kan péré!

Ní ọjọ́ kejì, ìwé ìdìbò kan dé iwájú adájọ́ mẹ́ta. Ẹni tó dì í kun ojú róbótó ẹ̀gbẹ́ orúkọ MÉJÈÈJÌ, ó wá fa ìlà kọjá lára ti Simonds. Àwọn adájọ́ ní Yancey ló fẹ́. Ó di 11,608 sí 11,608. Ẹ jọ̀ọ́, bí ọwọ́ yín bá ṣì, ẹ má fa ìlà. Ẹ dá ìwé náà padà, kí wọ́n fún yín ní tuntun.

Òfin Virginia ní bí ìbò bá dọ́gba, kí wọ́n ṣẹ́ gègé. Ẹ gbọ́ ná: ìbò tí à ń pè yìí, ṣebí orúkọ egungun àti owó ẹyọ tí à ń dì sọ́wọ́ nídìí Ifá ni? Virginia dìbò títí, ó padà sídìí ìbò! Wọ́n ká orúkọ méjèèjì sínú ike fíìmù kámẹ́rà, wọ́n kó wọn sínú abọ́ amọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 2018, orúkọ Yancey ló jáde. Bí Republican ṣe ní àga 51 sí 49 ti Democrat nílé náà nìyẹn. Ká ní Simonds ni, 50 sí 50 ni ì bá jẹ́.

Wàyí o, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà. NỌ́ŃBÀ KÌ Í ṢE ILẸ̀! Ààlà oko, a ó gbin pẹ̀rẹ́gún sí i, ó parí. Ààlà ẹkùn ìdìbò ò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ rí i pé ẹ̀yà làwọn aṣòfin wò nígbà tí wọ́n pín ẹkùn mọ́kànlá, ẹkùn 95 tó múlé gbe 94 sì wà lára wọn. Wọ́n tún ààlà fà fún ìbò 2019, ó kan 94 náà, Simonds sì wọlé. Nítorí náà, 94 ti 2017 àti 94 ti 2019 ò ṣe é gbé lé ìwọ̀n kan náà tààrà.

Lẹ́yìn ìkànìyàn 2020, nọ́ńbà gan-an yí padà. Láti ìbò 2023, 94 ti bọ́ sí Norfolk, lódìkejì omi. Ẹkùn 70 ni Simonds ti wá wọlé ní Newport News, bẹ́ẹ̀ Richmond ni 70 wà tẹ́lẹ̀! Bí ẹ bá ń to èsì ìbò ibẹ̀ jọ, ẹ mú 94 títí dé 2021, kí ẹ mú 70 láti 2023. NỌ́ŃBÀ KÌ Í ṢE ILẸ̀! Ẹni tó bá fi 94 tuntun wé ti àtijọ́ á rò pé àwọn olùdìbò yí ọkàn padà, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ìlú mìíràn ló ń kà.