Láptọ́ọ̀pù ń fà bí ìgbín? Ẹ má tíì fọ́ọ́màtì ẹ̀, ẹ wo eléyìí ná

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Sabo, Ìkòròdú la wà, inú ṣọ́ọ̀bù náà nìyí. Ẹ má jẹ́ kí ariwo jẹnẹrétọ̀ yẹn dí yín lọ́wọ́, àtòru ni wọ́n ti mú iná lọ. Ẹ ti ń béèrè lọ́wọ́ mi lórí WhatsApp, ẹ ò sinmi, pé kí ni mo máa ń lò fún láptọ́ọ̀pù tó bá ń fà, ó dáa, mo máa fi hàn yín lónìí, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo ẹ̀, owó dátà nìkan ló máa jáde lápò yín.

Eléyìí tó wà níwájú mi, ti màmá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà wa níbí ni. Ọmọ wọn ló gbé e wá, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá wa fọ́ọ́màtì ẹ̀," ìyẹn ni pé kí n nu gbogbo nǹkan inú ẹ̀, kí n sì tún fi Windows sí i. Mo ní rárá. Nǹkan tó máa ń bí mi nínú jù nìyẹn! Kó sáà ti fà díẹ̀, fọ́ọ́màtì. Tí ara ọmọ yín bá gbóná, ṣé ẹ máa ní kí dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un lójú ẹsẹ̀ ni? Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo fọ́ọ́màtì ti ẹnì kan láìyẹ dísíìkì ẹ̀, ibi tó ń kó fáìlì sí, wò, ó ń sáré dáadáa, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì dísíìkì yẹn kú pátápátá, fọ́tò ìgbéyàwó wọn bá a lọ. Mi ò gbàgbé ojú obìnrin yẹn títí dòní.

Torí ẹ̀, CrystalDiskInfo, áàpù tó ń yẹ ara dísíìkì wò, ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣí. Ẹ wo apá òsì lókè, wọ́n kọ Health Status síbẹ̀. Tó bá jẹ́ búlúù, ara ẹ̀ le. Tó bá jẹ́ yẹ́lò, ẹ ṣọ́ra. Tó bá pupa, ẹ fi gbogbo nǹkan yòókù sílẹ̀, ẹ máa kó fáìlì yín kúrò níbẹ̀. Tiwa yìí yẹ́lò ni, ṣé ẹ rí i? Ẹ jẹ́ n sún kámẹ́rà mọ́ ọn. Ìlà C5 yìí, Current Pending Sector, àwọn ibi tí dísíìkì gbìyànjú láti kà tí kò rí kà nìyẹn. Ó máa kà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yin á máa wo nǹkan tó ń yí po lójú ẹ̀rọ, ẹ á ní ó ń fà. 05 tó wà lókè ni àwọn ibi tó bàjẹ́ tí dísíìkì ti fi òmíì rọ́pò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí Function, Advanced Feature, Raw Values, ẹ mú 10 [DEC], torí bó ṣe ń ka iye tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, tó bá kọ 10 fún yín, 16 ló ń sọ yẹn.

Tí tiyín bá jẹ́ búlúù àmọ́ tó ti kún, WinDirStat ni kẹ́ ẹ lò, àpótí aláwọ̀ tó bá tóbi jù ni fáìlì tó ń jẹ àyè yín, ó tán.

Mo ti kó fáìlì màmá kúrò lálẹ́ àná, mo sì ti ki SSD, irú dísíìkì tó yára, bọ̀ ọ́, mi ò ní tún ìyẹn ṣe. Rufus ni mo fi gbé Windows sórí fláàṣì kí n lè fi sínú SSD yẹn, 8GB tó o, àmọ́ ó máa nu gbogbo nǹkan tó wà lórí fláàṣì yẹn, ẹ ti gbọ́ o! Orí sáìtì Rufus gan-an ni kẹ́ ẹ ti gbà á, rufus.ie, ẹ má tẹ bọ́tìnnì gbàràgàdà kankan lórí sáìtì ẹlòmíì. Ẹ sì má gbé kíráàkì, áàpù olówó tí wọ́n jí ṣí, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo bẹ̀ yín, ọ̀pọ̀ vírọ́ọ̀sì tí mò ń pa, inú ẹ̀ ló ti wọlé. Tí láptọ́ọ̀pù yín ò bá lè gbé Windows 11, Linux Mint tẹ́ ẹ lè fi rọ́pò Windows wà, ọ̀fẹ́ ni, torí láti October 14, 2025 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú Windows 10.

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé nǹkan ọ̀fẹ́ ò lè lágbára. VLC tẹ́ ẹ fi ń wo fíìmù, ṣé ẹ sanwó ẹ̀ rí ni?

Ó yá, wẹ́bsáìtì màmá ló kù. Ogún fọ́tò aṣọ, bí wọ́n ṣe yà á lórí fóònù náà ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní 4MB. Kọ́sítómà wo ló fẹ́ jó 80MB torí àǹkárá? Ẹ ṣí Squoosh nínú búráwúsà, ẹ ju fọ́tò sí i, Resize, ẹ fi width sí 1200, ẹ mú WebP, irú fáìlì fọ́tò tó fúyẹ́, quality 75. Ẹ fa ìlà àárín yìí sọ́tùn-ún sósì, ẹ wo ojú àǹkárá yẹn, ṣé ẹ rí ìyàtọ̀? Ó ti dín sí KB díẹ̀! Orí ẹ̀rọ yín náà ló sì ti ṣe é, fọ́tò yẹn ò lọ síbì kankan.

Nínú kóòdù, mo fi loading="lazy" sí àwọn fọ́tò ìsàlẹ̀, kí wọ́n má jẹ dátà títí èèyàn á fi yí débẹ̀. Mo fi FileZilla gbé e lọ sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wẹ́bsáìtì wà lórí ẹ̀. Orúkọ fáìlì, lẹ́tà kékeré ni o! Aso1.webp àti aso1.webp, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú Windows, àmọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lórí sáfà tó ń lo Linux, ẹ á kàn máa wo àpótí òfìfo níbi tó yẹ kí aṣọ wà.

Ẹ jẹ́ n ṣí i lórí fóònù mi. Hẹn-ẹ́n, ó ti ṣí, gbogbo ogún ló jáde. Iná náà ti dé, ẹ jẹ́ n lọ pa jẹnẹrétọ̀ kí n pe màmá.