Ọdẹ tó ń sùn, ọdẹ tó ń yọjú: àríwísí àwọn kọnsáfétífù Amẹ́ríkà lórí ètò ààbò ìjọba wọn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ bí àwọn kọnsáfétífù Amẹ́ríkà ṣe ń bá ìjọba wọn wí lórí ọ̀rọ̀ ààbò, ibi tí ọkàn mi kọ́kọ́ lọ ni pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ọdún 2009, ọmọkùnrin ẹni ọdún 23 kan wọ ọkọ̀ òfurufú KLM ní Ìkẹjà, ó forí lé Amsterdam. Nígbà tó débẹ̀, ó bọ́ sínú ọkọ̀ Northwest tó ń lọ sí Detroit. Ó ku díẹ̀ kí ọkọ̀ náà balẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì ló tan iná sí bọ́ǹbù tí wọ́n rán mọ́ pátá tó wọ̀. Bọ́ǹbù kò bú, iná ló mú un nítan, àwọn èrò ọkọ̀ sì gbá a mú. Wọ́n lé ní 280 nínú ọkọ̀ náà.

Umar Farouk Abdulmutallab lorúkọ rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí, ó kàwé ní Lomé, ó sì gba oyè ẹ̀rọ ní yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá rẹ̀, Alhaji Umaru Mutallab, ti jẹ́ mínísítà rí, ó sì jẹ́ gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ báńkì. A ò lè sọ pé ebi ló lé ọmọ yìí débẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, bàbá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá, ó ní ọmọ òun ti ń bá àwọn aláṣerégèé lórí ẹ̀sìn rìn, ó ti wà ní Yemen, ẹ̀rù sì ń ba òun. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ mọ ohun tí yóò ná bàbá kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni ìjọba tó lágbára jù láyé fi ọ̀rọ̀ bàbá yìí ṣe? Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wò ó bóyá ọmọ náà ní físà Amẹ́ríkà, wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ, kọ̀ǹpútà ní kò ní, bẹ́ẹ̀ físà ọ̀hún wà nínú páàsípọ́ọ̀tì rẹ̀ láti ọdún 2008. (Gbogbo àwa tí òyìnbó ti sọ orúkọ wa di nǹkan mìíràn lórí ìwé rí, a mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.) Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ ńlá kan tó ní nǹkan bíi 550,000 orúkọ, wọn ò fi í sínú èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn wọ ọkọ̀, tí kò ju bíi 4,000 lọ nígbà náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kọ̀ láti fún un ní físà lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà tó ń mójú tó iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ka ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́, ó jẹ́ 14.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí láti sọ àwọn tí mò ń pè ní kọnsáfétífù. Àwọn tó fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ kéré ni, kí owó orí má pọ̀, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan òfin àti àṣà tí wọ́n bá nílẹ̀ láìnídìí. Inú ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ohun kan wà tó máa ń rú àlejò lójú nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó ní ìjọba ò mọ ilé ìfìwéránṣẹ́ bójú tó, báwo ló ṣe gbà pé ìjọba yìí kan náà lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó wà ní Yemen?

Àdúgbò wa ni mo fi ń yé ara mi. A máa ń dáwó fún ọdẹ. Bí olè bá jà, a ó ní ọdẹ sùn. Bó bá pẹ́ tí olè ò jà, ọdẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ẹni tó wọlé lágogo méjì òru àti ẹni tó bá a wọlé, àwọn kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ojú ọdẹ yìí ti ń la jù. Àwọn méjèèjì ló ń sanwó ọdẹ. Àwọn kọnsáfétífù Amẹ́ríkà ní irú ẹjọ́ méjèèjì yìí, ọmọ tó ti Ìkẹjà gbéra yìí ló sì jẹ́ kí n rí i kedere.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ kò tiẹ̀ jẹ́ kí ọdún tán kó tó dé. Janet Napolitano, tó wà nípò mínísítà ààbò abẹ́lé, ti jáde sórí tẹlifíṣọ̀n pé ètò náà ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ló yí ọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Dick Cheney, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà George W. Bush, sọ pé ṣe ni Ààrẹ Obama ń díbọ́n bí ẹni pé Amẹ́ríkà ò sí lójú ogun. Ohun tó bí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú jù ni bí wọ́n ṣe mú afurasí náà. Àwọn FBI, ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀ wọn, fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó yá wọ́n ka ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un pé ó lè dákẹ́, ó sì lè gba lọ́yà. Ó sì dákẹ́ lóòótọ́. Àwọn Cheney ní ọmọ ogun ọ̀tá nìyí, kì í ṣe jàgùdà ọjà: ọwọ́ ológun ló yẹ kó wà, kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò títí tí wọn ó fi mọ ẹni tó rán an.

Ọ̀rọ̀ yìí wọlé sáwọn olùdìbò létí. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kìíní, ọdún 2010, wọ́n dìbò ní Massachusetts láti rọ́pò Sẹ́nétọ̀ Ted Kennedy, tó ti wà lórí àga náà láti ọdún 1962 títí tó fi kú. Scott Brown tó jẹ́ Republican ń sọ káàkiri pé ohun ìjà tí a ó fi dá agbésùnmọ̀mí dúró ló yẹ kí owó orí rà, kì í ṣe lọ́yà tí yóò gbèjà wọn. Ó wọlé, ní ìpínlẹ̀ tí àwọn Democrat, ẹgbẹ́ Obama tó ń bá Republican figagbága, ti ń fọwọ́ sọ̀yà pé tàwọn ni.

Èmi ò gba ẹjọ́ yìí tán o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, Richard Reid, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó fi bọ́ǹbù sínú bàtà wọ ọkọ̀ òfurufú, ilé ẹjọ́ lásán ni ìjọba Bush àti Cheney fúnra rẹ̀ gbé e lọ, ẹ̀wọ̀n gbére ló sì gbà. (Òun ni kò jẹ́ ká máa wọ bàtà kọjá ní pápákọ̀ wọn fún ọdún gbọọrọ, títí di ọdún 2025.) Lónìí tí Obama ṣe ohun kan náà, ó di ìwà ojo. Àní, àríyànjiyàn náà dé inú ilé wọn. Ẹgbẹ́ tí Liz, ọmọ Cheney, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ṣe ìpolówó kan lóṣù Kẹta ọdún 2010 tó ń fi àwọn lọ́yà tó ti gbèjà àwọn ẹlẹ́wọ̀n Guantánamo, ọgbà ẹ̀wọ̀n ológun Amẹ́ríkà ní Cuba, hàn bí ọ̀rẹ́ al-Qaeda. Àwọn kọnsáfétífù ńlá bí Ken Starr, lọ́yà tó ṣèwádìí Ààrẹ Clinton tó sì fojú rẹ̀ rí màbo, bọwọ́ lùwé pé ìtìjú gbáà ni, pé John Adams pàápàá gbèjà àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ní Boston kó tó di ààrẹ.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tìtorí ìyẹn da ẹjọ́ náà nù. Bàbá sọ̀rọ̀, ìjọba ò gbọ́. Ààrẹ fúnra rẹ̀ gbà pé ìwífún wà nílẹ̀, wọn ò tò ó pọ̀ ni. John Brennan, olùdámọ̀ràn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ agbésùnmọ̀mí, jáde sọ pé òun já ààrẹ kulẹ̀. Ẹ rántí orúkọ yẹn. Ohun tó sì wú mi lórí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé àwọn FBI wá sí Nàìjíríà, wọ́n bẹ àwọn ẹbí ọmọ náà, méjì nínú wọn bá wọn lọ sí Amẹ́ríkà, ìgbà tí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ ló tó tún lanu. Ó fẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi lọ́dún 2011, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un lóṣù Kejì ọdún 2012.

Kí ló sọ fún wọn? Ó dárúkọ Anwar al-Awlaki, oníwàásù tó wà ní Yemen. Ibi tí ẹjọ́ kejì ti ṣẹ̀ nìyí, nítorí ọmọ Amẹ́ríkà ni Awlaki, New Mexico ni wọ́n ti bí i. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2011, drone, ọkọ̀ òfurufú tí kò ní awakọ̀, pa á. Ilé ẹjọ́ kankan kò dá a lẹ́bi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, drone mìíràn pa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 16 tí wọ́n bí ní Denver. Ìjọba ní kì í ṣe òun làwọn ń lé.

Nígbà tí Obama fa Brennan kan náà kalẹ̀ láti jẹ́ olórí CIA, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn, lọ́dún 2013, Sẹ́nétọ̀ Rand Paul láti Kentucky, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, béèrè ìbéèrè kan péré: ṣé ààrẹ lè fi drone pa ọmọ Amẹ́ríkà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà láìgbé e délé ẹjọ́? Èsì tó gbà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Òfin ilé wọn fàyè gba aṣòfin láti máa sọ̀rọ̀ bí kò bá ti jókòó. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, kí ọ̀sán tó pọ́n ló dìde, ó kọjá agogo méjìlá òru kó tó jókòó, nǹkan bíi wákàtí 13. Ted Cruz àti Mike Lee, Republican bíi tirẹ̀, dìde ràn án lọ́wọ́, Ron Wyden tó jẹ́ Democrat náà dá sí i.

Níbi tó ti ń laágùn lọ́hùn-ún, àwọn Sẹ́nétọ̀ Republican kan wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń bá Obama jẹun alẹ́. John McCain àti Lindsey Graham wà lára wọn. Ilẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì dìde nílé ìgbìmọ̀, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu Paul, ọmọ ẹgbẹ́ tiwọn, wọ́n sì gbèjà ààrẹ tí wọn ò dìbò fún. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni ìjọba fèsì fún Paul lórí ìwé pé rárá, ààrẹ kò lágbára bẹ́ẹ̀ lórí ẹni tí kò bá wọn jà. Brennan wọlé sípò pẹ̀lú ìbò 63 sí 34.

Láti ìgbà náà ni ẹjọ́ kejì ti ń rí èrò sí i. Jim Sensenbrenner, tó gbé Patriot Act, òfin tó fún ìjọba lágbára sí i láti máa ṣọ́ àwọn ènìyàn, wá sílé ìgbìmọ̀ lọ́dún 2001, ló padà wá sọ pé ìjọba ti fi òfin òun ṣe ohun tí òun ò fi lélẹ̀, nígbà tí àṣírí tú pé wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ìpè fóònù gbogbo aráàlú pa mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Carter Page, ẹni tó ti bá ìpolongo Trump ṣiṣẹ́. Lóṣù Kejìlá ọdún 2019, ọ̀gá olùyẹ̀wòṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ rí àṣìṣe ńlá 17 nínú ìwé tí FBI fi tọrọ àṣẹ láti máa ṣọ́ ọ. Àwọn tó ti ń yin ọdẹ láti ọjọ́ yìí wá rí i pé fèrèsé àwọn náà ló ń yọjú wò.

Òfin tí wọ́n ń pè ní Section 702 ni ìjà wá kó jọ lé lórí. Ó jẹ́ kí ìjọba máa ka ọ̀rọ̀ àlejò tó wà lẹ́yìn odi láìgba ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ Amẹ́ríkà bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà wọ inú àwọ̀n, FBI sì lè padà wá a níbẹ̀. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, àwọn kọnsáfétífù kan pẹ̀lú àwọn Democrat kan ní ilé aṣojú-ṣòfin ní kí FBI kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ná. Wọ́n ka ìbò: 212 sí 212. Ọ̀mì kò gbé àtúnṣe wọlé. Mike Johnson, olórí ilé náà, wà lára àwọn 212 tó ní rárá, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ kí ìwé àṣẹ wà. Ó ní ìgbà tí òun dépò, tí wọ́n fi àṣírí han òun, ni ojú òun là. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ipò ṣe máa ń ṣe ènìyàn.

Ibi tí èmi wá dúró sí rèé. Mo ka ẹjọ́ méjèèjì dáadáa, mi ò rí ara mi nínú ìkankan. Paul dúró fún wákàtí 13 nítorí ọmọ Amẹ́ríkà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn 212 wọ̀nyẹn ń wá ìwé àṣẹ nítorí ọmọ Amẹ́ríkà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sínú àwọ̀n. Àlejò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ta àwọ̀n kò sí nínú ẹjọ́. Lóṣù Kìíní ọdún 2010, Nàìjíríà di ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè 14 tí wọ́n ní kí wọ́n máa tú àwọn èrò ibẹ̀ wò ní àkànṣe, nítorí ẹnì kan tí bàbá rẹ̀ ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ó gbà wọ́n dé oṣù Kẹrin kí wọ́n tó yí i padà. Bí ọdẹ àdúgbò kejì bá sùn tàbí kò sùn, àwa tí a ń kọjá lójú títì ni wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì sí lójú.

Nígbà tí àkókò ìbéèrè tó, ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn dìde. Ó ní ọmọ Ọ̀fà lòun. Ó rán wa létí pé lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2025, ọdún 16 géérégé sí ọjọ́ Detroit, Amẹ́ríkà ju ohun ìjà sí àwọn agbésùnmọ̀mí ní Sokoto pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ìjọba wa, àfọ́kù rẹ̀ sì já bọ́ sí Ọ̀fà, ní ìpínlẹ̀ Kwara, tó jìnnà réré sí ibẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá tíṣà, nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ta ni wọ́n ń fẹjọ́ Ọ̀fà sùn?"

Mo wo ìwé ọwọ́ mi. Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè kí n lọ wá a.